Gèlè ni dókítà rí, kò rí àìsàn

Olùkọ́ kan jẹ́ aládùúgbò wa ní Odò Adó nígbà kan rí. Àìsàn ọpọlọ ló dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù kan lè wọlé kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó máa bá wa ṣàwàdà. Bí òmíràn bá dé, kò ní lè dìde lórí ẹní, kò ní wẹ̀, kò ní jẹun, yóò ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ dókítà tí yóò sọ bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹbí rẹ̀ ṣe ohun tí ẹbí Yorùbá yòówù yóò ṣe. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ tí ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́, wọ́n wé gèlè fún un. Ta ni yóò mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síwájú àwọn dókítà pẹ̀lú ìdọ̀tí lára? Wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọjọ́ tí òní jẹ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ geerege, bí olùkọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé oṣù kan tí àìsàn náà tún gbé e dè. Níkẹyìn, ẹni tó sá iṣẹ́ ni ìwé pè é.

Oníròyìn ni mí nígbà náà. N kò kọ ìròyìn náà, nítorí ẹbí rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má ṣe tú àwọn síta.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gbà pé òṣìṣẹ́ tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún lè gba nínú owó rẹ̀, bí dókítà tó mọṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ dókítà bá jẹ́rìí pé ọpọlọ tàbí ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, èyí tí àjọ NSITF ń mójú tó, ka ìdààmú ọkàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ gba owó, bí dókítà bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. (Bó bá jẹ́ pé ìbáwí ọ̀gá tàbí lílé kúrò níṣẹ́ ló fà á, òfin náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.) Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tún ní kí ẹni tí àìsàn ọpọlọ sọ di abirùn máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Nínú gbogbo rẹ̀, dókítà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó ẹyọ kan fún 100,000 ènìyàn, àwọn tó kù sì ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìní owó nìkan ló fa èyí, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì fi ṣelé. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń yẹ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ nítorí àìsàn wò bóyá wọ́n lè ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n gbé e fún. Kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn ló ń ṣe é. Àjèjì tó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ni, ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 2013, àwọn adájọ́ sọ pé ètò náà ń pa àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ lára ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti Liverpool àti Oxford gbé ìwádìí jáde: láàárín 2010 sí 2013, níbi tí àyẹ̀wò náà ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni pípa ara ẹni ti pọ̀ sí i. Ẹ̀mí 590 ni wọ́n ṣírò. Wọn kò sọ pé àyẹ̀wò náà gan-an ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kò lè ka irú iye bẹ́ẹ̀ kí n tún máa pe fọ́ọ̀mù ní fọ́ọ̀mù lásán.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì sún mọ́ wa. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó ní kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé. Ẹbí ń dáná fún un, ó ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ó sì ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Dókítà tó bá ń ṣiṣẹ́ báyẹn yóò mọ bí alẹ́ aláìsàn ṣe ń rí, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkìtì ni pé kí ìgbìmọ̀ dókítà kankan má ṣe tìtorí ìpàdé ẹyọ kan sọ pé ara aláìsàn ọpọlọ ti yá. Kí wọ́n gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn, ó kéré tán. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tó ń bá a sùn jí. Kí dókítà ọpọlọ kan wà lára wọn, ìbáà ṣe orí fóònù ni yóò ti dá sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìwé ẹ̀rí àìsàn wà tí wọ́n ń fi owó rà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú ènìyàn nìkan dá ẹjọ́ náà. Ìdí kejì tún wà: bí aláìsàn bá mọ̀ pé ẹni tí òun ń sọ àṣírí fún ló lè gé owó òun, kò ní sọ òótọ́ fún un mọ́, ìtọ́jú bàjẹ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni kí dókítà náà jẹ́; kí àwọn mìíràn ṣe adájọ́, kí a sì lè pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní ọdún 2011, lásìkò Káyọ̀dé Fáyẹmí, kò lè sọ pé irú ètò báyìí ṣàjèjì sí òun. Olùkọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pẹ̀jọ́ rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe.