Àgékù Aṣọ Ló Yẹ Kí Ọmọṣẹ́ Télọ̀ Kọ́kọ́ Rán

Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ télọ̀ ló ń fi bébà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tú bébà sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i, wọ́n á gé e bíi bùbá, ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Lábẹ́ tábìlì kan náà, àgékù ańkárá àti àdìrẹ ń ga sí i títí wọn yóò fi gbá a dà sí ààtàn. Lójú tèmi, ibi tí kò yẹ ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bébà kì í fà, kì í súnkì, kì í tú létí. Aṣọ ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì máa ń fà jù bí a bá gé e láti igun dé igun. Ohun tó yẹ kí ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ rán ni búlọ́ọ̀kù aṣọ alápapọ̀, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tò pọ̀ di kúìlìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí òwú wà láàárín rẹ̀.

Ọ̀kan lára èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni Nine Patch, alábala mẹ́sàn-án, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin ní abẹ́rẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ańkárá méjì ti tó: ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ fọ̀ wọ́n ná, kí sítáàṣì kúrò lára wọn, kí èyí tó bá máa ṣí ti ṣí. Ẹ gé márùn-ún lára èyí tó ṣú, mẹ́rin lára èyí tó mọ́, kí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 3½ géérégé. Ẹ rán wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọ̀kan ṣú kí èkejì mọ́, kí ojú ìrán sì fi ínǹṣì ¼ géérégé jìnnà sí etí aṣọ. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: bí ẹ bá ń fi ayọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ìhà aṣọ tó ṣú ni kí ẹ máa ti ojú ìrán sí. Ti ìlà kìíní àti ìkẹta yóò kọjú síta, ti àárín yóò kọjú sínú, nítorí náà bí ẹ bá gbé ìlà kan lé èkejì, ojú ìrán méjèèjì yóò há mọ́ra wọn, àtàǹpàkò yóò sì mọ̀ ọ́n lára kí ojú tó rí i. Ẹ rán ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ó bá parí, ẹ gbé téèpù lé e. Ínǹṣì 9½ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 9, ọmọṣẹ́ náà ti fi ínǹṣì ⅛ wọlé jù ní ojú ìrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá to irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ínǹṣì mẹ́ta ti wọmi. Àṣìṣe kan náà kì í jẹ́ kí síìpù gáùn tì, ṣùgbọ́n gáùn máa ń bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀gá lè sọ pé oníbàárà ló sanra.

Ẹni tó mọ̀ nípa kúìlìtì lè sọ pé àwọn kan lára àwọn tó lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí kì í wọn nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ní Gee's Bend, ìletò tí odò Alabama yí ká ní ìhà mẹ́ta, àwọn obìnrin tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ ẹrú ń fi ojú wọn gé ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó, wọ́n ń rán an di ìbora nítorí òtútù. Ní 1966, wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa tà á. Ní 2002, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Gee's Bend nílé ọnà ní Houston, ó sì dé ilé ọnà Whitney ní New York. Ní 2006, ó bọ́ sórí sítáǹpù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rán èyí tí wọ́n ń pè ní Housetop: abala kan ní àárín, wọ́n á máa fi ọ̀já aṣọ yí i ká, wọ́n á sì gé ọ̀já kọ̀ọ̀kan bá ẹ̀gbẹ́ tó wà nílẹ̀. Kò pọn dandan kí igun bá igun pàdé níbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó gba fífi ojú wọ̀n. Alábala mẹ́sàn-án kò gbà á. Láti kékeré sì ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin Gee's Bend ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọmọṣẹ́ oṣù mẹ́ta kò tíì ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ooru ilẹ̀ wa kò gba ìbora olówùú, àti pé aṣọ alápapọ̀ kò yàtọ̀ sí akísà. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni bora. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ti tó bo ojú ìrọ̀rí àga kan. Ní ti akísà, ẹ wo aṣọ egúngún, tí wọ́n fi ègé aṣọ aláràbarà tò, tí ìdílé sì ń fi tuntun kún un. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ìyẹn ní akísà lójú ẹni tó gbé e.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti òbí tó ti san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó fẹ́ kí ọmọ tètè mọ agbádá rán kí ọjọ́ firídọ́ọ̀mù tó pé. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kan kì í gbà ju ọ̀sán kan lọ. Kí ọ̀gá ní kí ó rán mẹ́wàá tó bá téèpù mu kí ó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Aṣọ tí kò ní bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò san ọjọ́ náà padà. Àgékù kò sì wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà lórí ẹni tó ni ín kì í tán láàárín télọ̀ àti oníbàárà. Èyí tó bá tó fìlà tàbí gèlè ọmọdé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ra aṣọ. Èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo ń sọ.