Ẹ Jẹ́ Ká Ka Owó Gáréèjì Mọ́ Owó Ilé

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìṣọ́ òru. Ọ̀rọ̀ ibi tí mọ́tò máa sùn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ló ń ṣòwò ní Computer Village n'Ìkẹjà. Wọ́n ń ta fóònù ní Otigba, wọ́n ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Ola Ayeni. Tí Ọlọ́run bá ti ṣe é, wọ́n á ra ilẹ̀ sí Ọ̀tà tàbí Mowe, wọ́n á ní ká wá gbàdúrà sí ìpìlẹ̀. Ìdí ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohun tó mú wa kọ èyí ti bẹ̀rẹ̀.

Arákùnrin wa kan ń ta ṣájà àti ìbòjú fóònù. Ó ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì, ó kọ́ yàrá mẹ́ta sí i. Ilé parí, a jọ yọ̀. Ó wá ku ibi tí mọ́tò máa wà. Wọ́n sọ fún un pé gáréèjì onírin wà, èyí tí wẹ́dà ti gé tó sì ti jó ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé wọ́n kàn máa gbé e wá tò ni, ọjọ́ méjì á ti dúró. Iye tí wọ́n pè wọ̀ ọ́ lójú. Ó yọ owó ọjà, ó san án.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní owó tó san kò kan kọnkéré ìsàlẹ̀. Ibi tó nawọ́ sí gan-an ni sokawéè wà. Gẹ́ètì tó ti ṣe kò fẹ̀ tó kí mọ́tò yà wọlé dáadáa. Kó tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, owó ọjà ti tán. December dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tajà, ṣẹ́ẹ̀fù tiẹ̀ ṣófo. Gáréèjì ń dán nílé, ṣọ́ọ̀bù ń gbẹ.

Ká sọ òótọ́, àwa náà jẹ̀bi. Àwa la dúró lórí ìpìlẹ̀ yẹn tí a ń ké "Àmín" kíkan kíkan, a ò bi í léèrè ibi tí mọ́tò máa gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ Jésù fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Lúùkù orí 14 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, kó kọ́kọ́ jókòó, kó ṣírò owó rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a bá ń gbàgbọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣírò.

A ò sọ pé gáréèjì àtòpọ̀ kò dáa o. Ó yá ju ti búlọ́ọ̀kù lọ, ẹ sì lè tú u lọ síbòmíràn. Àmọ́ iye tí wọ́n pè fún yín, ti irin nìkan ni. Ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló máa da kọnkéré? Ta ló máa san owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá? Bọ́ọ̀tù tó máa dì í mọ́lẹ̀ ńkọ́, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò má gbé òrùlé rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò? Omi òjò máa gba ibo jáde? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mọ́tò kan fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀ àti 20 ní gígùn. Àwọn kan ń lọ ra kọ̀ǹténà àlòkù. Kọ̀ǹténà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ láti ìta, inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò bíi Camry fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Mọ́tò á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn bọ́ọ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé fi í sínú plan tí ẹ máa gbé lọ gba ìwé àṣẹ. Tó bá jẹ́ Èkó, LASPPPA ni ẹ máa bá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì, kódà kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ti pa odindi ìdílé sójú oorun.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, mi ò tíì ní mọ́tò, ìgbàgbọ́ ni mo fi ń ṣe é." Ó dáa. Ẹ fi ìgbàgbọ́ fi ààyè sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gẹ́ètì fẹ̀, ẹ gbé sokawéè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí irin dúró di ọjọ́ tí mọ́tò bá dé. Ààyè ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi ọjà sílẹ̀.

Ẹ wo Otigba fúnra rẹ̀. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni tẹ́lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó sọ ọ́ di ọjà. Ta ló ṣírò ibi tí mọ́tò máa wà? Ẹni tó bá ti wá ibi tó máa páàkì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé mọ ìdáhùn. Ó sì ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé àwọn máa kó ọjà náà lọ sí Katangowa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó yá, owó tẹ́ ẹ ti fi jó irin kò lè bá yín gba ṣọ́ọ̀bù tuntun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó gáréèjì ní àpò tiẹ̀ látọjọ́ ìpìlẹ̀. Ẹ máa dá a díẹ̀díẹ̀ bí àjọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í dá iye lé fóònù láìwo dọ́là, ẹ mọ ohun tí ojú wa rí látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023. Iye tí wẹ́dà pè lónìí lè má dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí ohun tójú ò tíì rí. Ìdá mẹ́wàá yẹn kì í ṣe ti pásítọ̀ o!

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ da ìpìlẹ̀. Ilé tí ẹ kọ́ kò ní pa iṣẹ́ tó kọ́ ọ. Àmín.