Tablet olówó pọ́ọ́kú fún fíìmù: iná àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. 🧵

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fídíò tablet màámi síta, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sínú DM mi: "Sista mi, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Fíìmù àti YouTube nìkan ni mo fẹ́ máa fi wò. Èwo ni kí n rà?" Wọ́n á wá to orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n á ní kí n mú ọ̀kan. Mi ò lè mú ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì sọ ibi tí ẹ ń gbé fún mi.

Wọn kì í kọ ibi tí èèyàn ń gbé sára páálí. RAM ni wọ́n ń kọ, àti mAh, àti ínǹṣì. Èrò tèmi ni pé tó bá di ọ̀rọ̀ tablet olówó pọ́ọ́kú, ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní àléébù lè má pa yín lára rárá, ohun tí wọ́n sì fi ń fọ́nnu lè di wàhálà sí yín lọ́rùn. Ó kù sọ́wọ́ wákàtí iná yín, dátà yín, àti irú Netflix tí ẹ ń sanwó fún.

Méjì ni màá gbé sórí òṣùwọ̀n, torí pé méjèèjì ló wà nínú ẹbí wa. Àkọ́kọ́ ni Samsung Galaxy Tab A9. Èyí kékeré ni o, kì í ṣe A9+. Èyí tó ń gba síìmù ni mo rà fún màámi. Ìkejì ni Redmi Pad SE onínǹṣì 11, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ọmọlé. 2023 ni àwọn méjèèjì jáde.

Tí ẹ bá ka ara páálí, ìjà ti parí. Redmi ní ojú tó jẹ́ 1920 sí 1200, ó ní 90Hz, ó ní sípíkà mẹ́rin, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 8,000 mAh. Samsung ńkọ́? Ínǹṣì 8.7, ojú 1340 sí 800, sípíkà méjì, bátìrì 5,100 mAh. Ta ló máa rí èyí tí ò ní mú Redmi?

Èmi. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Iṣẹ́ alẹ́ ni màámi ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan níbí, wọ́n ń di ọjà sínú páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àgídìngbì, ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ló yí wa ká. Ó máa ń wọlé bí aago méje àárọ̀. Kó tó wẹ̀, kó tó jẹun, ó ku nǹkan bíi wákàtí kan kí oorun tó gbé e lọ. Wákàtí yẹn gan-an ni mo ra tablet fún. Kì í ta géèmù. Fíìmù Yorùbá kan ló fẹ́, kí ara rọ̀ ọ́, kó fi rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó sùn. Tí tablet bá ti kú ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ló fẹ́ fi 90Hz ṣe?

Ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe Band A. Iná wa máa ń wá ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wákàtí méjì lóru, bóyá ọ̀kan míì lọ́sàn-án tí wọ́n bá rántí wa. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò kékeré. Bátìrì Redmi yẹn tó nǹkan bíi watt-hour 31, watt 10 péré ló sì ń gbà láti ara ṣájà. Ká tiẹ̀ ní kò sí èyí tó ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó kún. Ti Samsung kò ju watt-hour 20 lọ, ó sì lè gba watt 15. Wákàtí méjì tí iná bá fi wà, ti màámi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Redmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì díẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé olóye kan máa wá sábẹ́ ibí láti sọ pé ìdajì ìkòkò ńlá àti ìkòkò kékeré tó kún lè jẹ́ ọgbọọgba. Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú ńlá ń jẹ iná ju ojú kékeré lọ, fíìmù kan náà sì ni wọ́n fẹ́ wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Redmi ń pẹ́ kó tó kún. Band A ni wọ́n wà, ó máa ń ki wáyà bọ̀ ọ́ tó bá fẹ́ sùn, ó ti kún kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ sì wò ó, owó iná kọ́ ni ìṣòro. Oṣù Kẹrin 2024 tí NERC gbé owó Band A lọ sí ₦225 fún kilowatt-hour kan, gbogbo wa la pariwo. Síbẹ̀, kéèyàn gba ṣájà sí tablet kan títí tó fi kún, náírà mẹ́wàá ò ní tán níbẹ̀. Kí iná wà ni iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ síìmù wá ni ọ̀pọ̀ yín kì í béèrè títí ẹ óò fi délé. Redmi Pad SE onínǹṣì 11 kò ní ojú ihò síìmù. Wi-Fi nìkan ló ń lò. Tí ẹ ò bá ní Wi-Fi nílé, hotspot fóònù yín ló kù, ìyẹn ni pé bátìrì méjì ló ń kú lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù màámi ni ọ̀gá wọn máa ń pè tí wọ́n bá yí iṣẹ́ padà. Wọ́n pè é, kò lọ, ẹlòmíràn gba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, owó ọjọ́ yẹn sì lọ nìyẹn. Mi ò lè fi fóònù yẹn ṣeré nítorí fíìmù. Ìdí nìyí tí mo fi ra èyí tó ń gba síìmù tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú tablet. Wọ́n ń bú Tab A9 pé 800 ò tó, pé lónìí tó yẹ ká máa sọ̀rọ̀ Full HD. Ẹ jọ̀ọ́, irú Netflix wo lẹ̀ ń san? Tó bá jẹ́ Mobile, èyí tó rọ̀ jù yẹn, 480p ló mọ. Bẹ́ ẹ gbé tablet olówó gọbọi wá, 480p náà ló máa fún yín. Lórí YouTube ńkọ́? Láti Oṣù Kìíní 2025 tí NCC ti gbà kí àwọn oníṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ta ló tún ń fi dátà wo 1080p nínú wa? Èmi tí mo ń ṣe fídíò jẹun, 480p ni mò ń wò. Netflix fúnra wọn sọ pé tí ẹ bá fi í sí Save Data, 1GB á tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, tí ẹ bá fi í sí Maximum, ogún ìṣẹ́jú tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Omi inú kọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ dà sínú agbada.

Ṣé n ò wá ní sọ àléébù tiẹ̀ ni? Ó pọ̀. Èèyàn méjì ò lè jọ fi ínǹṣì 8.7 wo fíìmù kí ọrùn má dùn wọ́n. Tí fíìmù bá dé ibi òru, tí àwọn jagunjagun ń yọ́ rìn nínú igbó, eérú ni dúdú rẹ̀ ń jọ, ẹ ò ní mọ ẹni tó dá ẹnì kan lọ́rùn. Sípíkà rẹ̀ ò lè bá gẹ̀n aládùúgbò jà. Redmi á gbìyànjú, ti Samsung yìí á kàn máa kùn sínú ni. Ó ṣáà ní ihò earpiece, ìyẹn ló yọ wá. Àti 64GB yẹn, ẹ ra mẹ́mọ́rì káàdì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ má dúró. Netflix ń jẹ́ kéèyàn dáńlóòdù sínú mẹ́mọ́rì.

Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì báyìí, àwọn kan máa rẹ́rìn-ín: ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tó wà ní kọ́nà ń kó fíìmù ogún sínú káàdì fún owó tí ò tó nǹkan. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi mí sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ti kó ọjà wọn sórí YouTube, iye ìgbà tí ẹ bá wò ó ni owó wọn. Èmi náà ń jẹ nínú iṣẹ́ yìí.

Amazon Fire àlòkù tí ẹ máa ń rí ní Computer Village, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pẹ́. Ó rọ̀ lọ́wọ́ torí pé Amazon fẹ́ kí ẹ máa rajà lọ́wọ́ òun ni. Kò ní Play Store nínú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gbé ìpolówó ọjà sójú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ lè fi ọgbọ́n ki Play Store bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè ṣe é, ẹ mọ ara yín. Tó bá jẹ́ pé ìyá yín lẹ fẹ́ rà á fún, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tablet aláìlórúkọ tó ń kọ 12GB RAM, 512GB sára páálí ní iye tó dín sí ti Samsung kékeré yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi owó àjọ oṣù mẹ́rin sínú báàgì, ó ń lọ Òtígbà láti lọ ra ọ̀kan, ọ̀nà ni mo ti pè é padà. RAM tí wọ́n ń kà yẹn, àyálò wà nínú rẹ̀: wọ́n gé díẹ̀ nínú ibi ìkẹ́rùsí, wọ́n sọ ọ́ di RAM. Ibi ìkẹ́rùsí náà gan-an lè má tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ máa kó fídíò sí i lọ, lọ́jọ́ kan àwọn ti àkọ́kọ́ á máa bàjẹ́ fúnra wọn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí bọ̀ọ̀dá yẹn tan Wi-Fi. Ẹ lọ sínú Play Store, Settings, About: ẹ wò ó bóyá ó kọ ọ́ pé "Device is certified". Ẹ ṣí Netflix, App Settings, Playback Specification: tó bá kọ Widevine L1, ó dáa, tó bá jẹ́ L3, SD ni yóò máa fún yín títí láé, bẹ́ ẹ tiẹ̀ san owó Premium. Tó bá jẹ́ àlòkù, kí ó fọ̀ ọ́ nù lójú yín, kẹ́ ẹ sì fi Gmail tiyín wọlé níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò, torí pé tí Gmail ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, pátákó ìgéfọ́ lẹ rà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Fine girl, ṣé o ò trust mi ni?", ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Wi-Fi nílé, tí iná yín kì í lọ, ẹ mú Redmi, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tó jẹ́ irú iná wa lẹ̀ ń lò, ẹ ti gbọ́ tèmi. Tẹ́ ẹ bá ti ń lo Redmi ní àdúgbò tí iná ò ti dúró, ẹ kọ wákàtí tó fi ń kún sábẹ́ ibí fún mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò mi bá ti yín mu.