Owó ilé dínkù, owó ọkọ̀ gbé e jẹ: Ibo ló yẹ kí ẹni tí kò ní mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó máa gbé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń lọ káàkiri láàárín àwọn èèyàn wa tó ń gbé l'Ékòó báyìí. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, níbi ìsọmọlórúkọ, nínú bọ́ọ̀sì, ohun kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn: "Níbo la lè kó lọ tí owó ilé kò fi ní pa wá?" Onílé ti fi kún owó ilé, ó sì ti sọ fún ayálégbé pé bí kò bá rí i san, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ejẹ́ńtì á wá sọ pé ilé kan wà ní Mowé tàbí ní Ìjòkò tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ń gbà ní Ìkẹjà. Ẹni náà á lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú, ojú ọ̀nà á dá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì sanwó. Ọjọ́ Ajé ló máa tó mọ ohun tó fowó rẹ̀ rà.

A fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, torí pé ẹni tí kò ní mọ́tò ló kàn jù. Ẹni tó ní mọ́tò lè yà sí ọ̀nà mìíràn bí ibì kan bá dí. Ẹni tó ń wọ danfó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ibi tí awakọ̀ bá gbà lòun náà á gbà, iye tí kọ̀ńdọ́ bá pè náà ló máa san.

Epo ló yí ìṣirò padà

Àwọn tó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọdún pípẹ́ kò ṣìṣe. Nígbà yẹn, owó ọkọ̀ kò tíì pọ̀, èèyàn sì lè fi owó tó ṣẹ́ kù nínú owó ilé ra ilẹ̀, kó máa kọ́ ilé tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Jálá epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di ohun tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà, wọ́n sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí ibi tí bàtà ti ń ta.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Ká ní ilé kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún, tí òmíràn sì wà lókèèrè tó jẹ́ 300,000. Lójú ẹni tó ń wá ilé, èrè 300,000 náírà ni. Ṣùgbọ́n bí ilé òkèèrè yẹn bá fi 1,500 náírà péré kún owó ọkọ̀ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, tí èèyàn sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, 33,000 náírà nìyẹn lóṣù. Lọ́dún, ó di 396,000. Ilé tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú ti wá wọ́n ju èkejì lọ pẹ̀lú 96,000 náírà. Bó bá wá jẹ́ pé tọkọtaya jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ni, ẹ sọ owó ọkọ̀ yẹn di ìlọ́po méjì.

Owó nìkan sì kọ́. Bí ọ̀nà bá fi wákàtí 2 kún ìrìn èèyàn lójúmọ́, wákàtí 528 ni lọ́dún. Ọjọ́ 22 gbáko nìyẹn, tọ̀sán tòru, lórí ìjókòó ọkọ̀. Bàbá tó ń jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tó ń wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, oorun làwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nígbà tó ń lọ, oorun náà ni wọ́n ń sùn nígbà tó dé. Àsùbáà rẹ̀ di ti ibùdókọ̀, Mágàríbì rẹ̀ di ti inú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ. Ẹ kò lè rí èyí nínú iye tí ejẹ́ńtì pè, àmọ́ ara owó ilé náà ni.

Ọ̀nà mẹ́rin, ìṣòro mẹ́rin

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ojú irin. Ọkọ̀ Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Àgbádó, níbi tí Èkó àti Ògùn ti pààlà, ló ti ń gbéra. Ó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá kó tó dé Ọ̀yìngbò, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 27. Kò sí gosiló lórí irin. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Yábàá, tó sì lè rí ilé tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé ibùdókọ̀ Àgbádó tàbí Ìjú, kó ronú sí i dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ní àkókò tirẹ̀, kì í ṣe bíi danfó tí òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ti àárọ̀ bá já jù sílẹ̀ lè pẹ́ níbi iṣẹ́. Orí irin kan náà ni ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń gbà. Ọkọ̀ yẹn ní ibùdó ní Pápálantó àti Abẹ́òkúta, àmọ́ níwọ̀nba ló ń lọ lójúmọ́, àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n sì ṣètò rẹ̀ fún. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ gba ilé sí Abẹ́òkúta bí ó bá gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ l'Ékòó ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ọ̀nà kejì ni márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: Arépo, Mágbòrò, Ìbafò, Mowé. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ọ̀nà yìí ṣe, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí Berger kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Kò sí irin, kò sí omi, kò sí ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá ṣubú, tàbí bí ìpàgọ́ ńlá kan bá wà, yálà ti àwa Mùsùlùmí tàbí ti àwọn Kírísítẹ́nì, gbogbo ìlú wọ̀nyẹn ló máa dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló tún wọ inú lọ gan-an, tó jẹ́ pé owó ọ̀kadà láti ẹ̀bá títì dé ẹnu ilé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà kẹta ni Ìkòròdú. Bọ́ọ̀sì BRT ti ń dé ibẹ̀ láti ọdún 2015, ó sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Mile 12. Ọkọ̀ ojú omi náà wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù. Ìyẹn ni pé ọ̀nà méjì ló wà, bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì lè gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ohun téèyàn ń wọ̀ lóru, òjò àti ewé ojú omi sì lè dá a dúró. Ìlà téèyàn ń tò de BRT ní ìdájí sì lè gùn.

Ọ̀nà kẹrin ni ti Àgbádárìgì. Ọkọ̀ Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13. Ó dùn mọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí Mile 2. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Òkòkòmáikò tàbí Àgbárá ṣì gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2 kó tó rí ọkọ̀ náà, ọ̀nà ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń dí.

Ẹ má fi owó ilé ra ìlérí

Àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ: "Irin máa tó dé ibí." Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Lateef Jakande, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fún Èkó. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Blue Line tí à ń wí yìí, ọdún 2010 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ọdún 2023 ni ará ìlú tó wọ̀ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama kó tó di pé ọkọ̀ gbéra. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ Purple Line tó máa kan márosẹ̀ Ìbàdàn, àmọ́ ìwé lọ́rọ̀ yẹn ṣì wà. Ọkọ̀ tó ń rìn lónìí ni kí ẹ fi yan ilé.

Kí ẹ tó sanwó

Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan ìlú. Lẹ́yìn ìlú, ẹ yan àdúgbò. Ilé ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ lọ sí ìlú náà ní ìdájí ọjọ́ Ajé, kí ẹ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lọ́jọ́ òjò. Ẹ kọ iye owó àti wákàtí sílẹ̀. Owó tí ẹ ná lọ́jọ́ méjì yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọdún kan.

Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé náà dé ibùdókọ̀. Bí ó bá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà kún owó ilé. Ẹ sì rántí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, Surulere, Èkó Island, Mainland, Apapa àti Eti-Osa, kí wọ́n tó fi àwọn ibòmíràn kún un. Ọ̀kadà tó gbé yín kúrò nílé kò lè gbé yín dé ibi iṣẹ́.

Ẹ wo ọjà, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, mọ́sáláṣí àti ilé kéwú àwọn ọmọ. Ẹni tí kò ní mọ́tò, gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ kò lè gbé e dé ló máa fowó wá.

Ẹ tún bi òfin léèrè. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, yàtọ̀ sí àwọn agbègbè bíi Ìkòyí àti Apapa tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ìkòròdú wà lábẹ́ rẹ̀. Mowé kò sí lábẹ́ rẹ̀, torí òfin Èkó kò kọjá ààlà.

Ìjọba náà ní tirẹ̀

Kì í ṣe ọgbọ́n ayálégbé nìkan ló lè tán ìṣòro yìí. Òfin owó orí sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìjọba Ògùn kò lè sọ pé ará Èkó làwọn tó ń sun Mowé àti Ìjòkò. Ọ̀nà inú àdúgbò wọn jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ìjọba Èkó náà nílò òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀sì kéékèèké tó máa kó èrò láti Ìjòkò àti Sángo lọ sí ibùdókọ̀ Àgbádó ní ìdájí kò wọ́n tó kíkọ́ irin tuntun. Kí ìpínlẹ̀ méjèèjì jókòó sọ ọ́, torí èèyàn kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ lára rẹ̀.

Ní tiwa, ìmọ̀ràn wa kò lọ́jú pọ̀. Bí yàrá kan nítòsí bá fún yín ní àyè láti rí àwọn ọmọ yín lójúmọ́, ó lè sàn ju yàrá mẹ́ta lókèèrè lọ. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ kó lọ, ẹ lọ síbi tí ọ̀nà méjì wà, kì í ṣe síbi tí ilé ti pọ̀ jù lọ ní owó. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ẹni tó ń wá ilé ní èyí tó ní àlùbáríkà, kó sì máa dá gbogbo wa padà sọ́dọ̀ ará ilé wa láyọ̀. Àmín.