Àwọn Tó Jó fún Sójà

Bí nǹkan bá le kọjá àfaradà, Yorùbá ṣì ń pariwo títí dòní pé ó le kú, ìjà Orè! Ìjà sójà sí sójà nìyẹn, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà àti Bìáfírà. Àwọn tí kò mú ìbọn lọ́wọ́, ní Bìní àti Asaba, a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba orí afárá Odò Ọya kọjá, wọ́n sì gba Bìní lọ́jọ́ náà. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, lọ̀gá wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀. Kí ni ará ìlú ì bá ṣe? Ọ̀pọ̀ panu mọ́. Nígbà tí sójà ìjọba àpapọ̀ padà dé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ẹ̀rù di ìbínú: aládùúgbò ń nawọ́ sí Ìgbò pé wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé Ìgbò ni wọ́n.

Ti Asaba, ìlú Ìgbò létí Odò Ọya, ló ń ká mi lára jù. Sójà ìjọba àpapọ̀ dé ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n ní Bìáfírà ni ará ìlú ń ṣe, wọ́n sì ń pa wọ́n. Àwọn àgbà wá ní kí tọmọdé tàgbà jáde lọ kí àwọn sójà káàbọ̀. Ní ọjọ́ 7, ará ìlú wọ akwa ocha, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣayẹyẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin Nàìjíríà kan ṣoṣo. Ṣé ìfẹ́ ìjọba ló mú wọn jó? Bóyá fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kì í dúró ṣàlàyé òṣèlú. Ní àdúgbò Ogbe-Osowa, àwọn sójà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì rọ̀jò ọta lé wọn lórí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé ara rẹ̀ bá ń pe ará Kherson, ní Ukraine, ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí pé ó ń bá iṣẹ́ lọ nígbà tí Rọ́ṣíà gba ìlú náà ní 2022. Ẹni tó fa ará àdúgbò rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ lẹ́jọ́ọ́ jẹ́, mi ò jiyàn. Èyí tó ń tún iná mànàmáná ṣe ńkọ́? Ó yá wa lára láti yẹ ẹni tó tẹrí ba wò ju ẹni tó na ìbọn lọ.

Gowon, tó jẹ́ olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun náà, lọ tọrọ àforíjì ní Asaba lọ́dún 2002. Kò sí sójà kankan tó fojú ba ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́ Murtala Muhammed ni ẹ̀ka ogun kejì, tí àwọn sójà wọ̀nyẹn ti wá, wà nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.