“Kí ló dé tí o ò pariwo?”

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ẹnì kan nínú ẹbí wọn fipá bá òun lò nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 9. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni: “Kí ló dé tí o ò pariwo?” Ó dákẹ́. Kò bá mi sọ ọ́ mọ́.

Ní báyìí tí mò ń kàwé nípa ara àti ọpọlọ, mo mọ̀ pé ìbéèrè òpè ni. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, ọpọlọ lè ti ara pa: ọwọ́ ò ní gbé, ohùn ò ní jáde. Tonic immobility ni wọ́n ń pè é. Ẹ dá adìẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á lè sùn sílẹ̀ gbalaja bí ẹni pé ó ti kú. Ṣé adìẹ yẹn fẹ́ ẹ ni? Ká má tíì sọ ti ọmọdé tí ẹni tó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ló ti fojú winá ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọkùnrin náà.

Ní Amẹ́ríkà, Vincent Felitti àti Robert Anda gbé ìwádìí jáde ní 1998: àwọn tí ìyà bá jẹ gan-an ní kékeré, ìfìyàjẹni ìbálòpọ̀ wà lára ẹ̀, máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọtí àmujù, títí kan àrùn ọkàn, ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ewu ló pọ̀ sí i, kì í ṣe àyànmọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ní “ayé ẹ̀ ti bàjẹ́.” Ta ló sọ fún yín?

Ẹni tó bá finú hàn yín, ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹ má fi dandan gba kúlẹ̀kúlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé” ò wúlò rárá: oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Mirabel Centre, tó wà nínú LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, ń tọ́jú irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí pé mo bèèrè bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́.