Ta Ló Di Orí Mú?

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìdúpẹ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Wọ́n pe dókítà síwájú, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n ki owó sí i lápò. Nọ́ọ̀sì tó kùn ún lóorun wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí, ó ní, "Èyí tó gún mi lábẹ́rẹ́ yẹn?" Inú bí mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ọwọ́ àgbà náà ni kí ẹ wò. Ẹni tó sun oorun ìjìkà orí tábìlì dà bí ọmọ tuntun: ọrùn á dẹ̀, ahọ́n á fẹ́ ṣubú dí ọ̀nà ọ̀fun, èémí lè dá. Ẹni tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn ló gbé àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi sókè, tí kò gbójú kúrò láyà rẹ̀.

Ní 1958, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ìṣílẹ́tà gún Martin Luther King láyà ní New York, àwọn oníṣẹ́ abẹ la gbọ́ orúkọ wọn. Goldie Brangman, nọ́ọ̀sì, ló ń fọwọ́ tẹ àpò rọ́bà tó ń bá a mí.

Ẹnì kan á ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Pé dókítà ni kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ta ló tilẹ̀ sọ àwọn nọ́ọ̀sì di òòbẹ̀? Ní 1906, Alice Magaw, nọ́ọ̀sì àwọn dókítà Mayo ní Minnesota, kọ ìròyìn iṣẹ́ abẹ tó lé ní 14,000 tó kun èèyàn lóorun fún. Oorun náà kò pa ẹnì kan ṣoṣo.

Ọjà sì pọ̀ ju àgbà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí Brangman fi bá àwọn mìíràn dá ilé ẹ̀kọ́ akunnilóorun sílẹ̀ ní Harlem Hospital, tó sì darí rẹ̀ títí di 1985. Ní 1973 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun ní Amẹ́ríkà. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, àga iwájú ni ipò aṣáájú.

Mo lọ kí Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Kò mẹ́nu ba fìlà. "Ṣé bọ̀dá ṣì ń húkọ́ lóru?" Ó ní òun ò lè pẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun méjì ń wọ tíátà láago méje àárọ̀ ọ̀la.